Ẹni tó Ń Dúró Ti Ẹni tó Ń Rọbí

Ìbéèrè kan wà tí àwọn aboyún máa ń bi àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ yìí: “Màmá mi ò rí físà gbà, ta ni yóò dúró tì mí?” Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn àwọn tí wọ́n ń pè ní doula.

Nílé, àgbẹ̀bí kì í dá nìkan wà pẹ̀lú aboyún. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyàwó ilé tó ti bímọ rí náà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà ṣe rí ní ọdún 1900, tí ilé ni wọ́n ti ń bí ọmọ tó pọ̀ jù. Nígbà tó fi máa di ọdún 1950, ó ti di ilé ìwòsàn. Ìyẹn dára, ó gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹbí wá di ẹni tó ń dúró sí ìta.

Dana Raphael ló mú orúkọ doula wọ inú ìwé ní ọdún 1973, láti inú èdè Gíríìkì. Ẹrúbìnrin ló ń jẹ́ láyé àtijọ́. Orúkọ yẹn kò wù wá, ṣùgbọ́n òun ló ti mọ́ wọn lẹ́nu.

Ní ọdún 1980, Marshall Klaus, John Kennell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìwòsàn kan ní Guatemala, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí ẹbí wọlé. Wọ́n fi obìnrin kan ti àwọn aboyún kan. Kò fún wọn lóògùn o. Ó ń fọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn, ó ń di ọwọ́ wọn mú, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀. Nínú àwọn tí ìbí wọn kò ní wàhálà, àwọn tó rí ẹni dúró tì wọ́n bímọ láàárín nǹkan bíi wákàtí 9. Ti àwọn tó dá wà lé ní 19. Àjèjì pátápátá sì ni obìnrin yẹn sí wọn! Nígbà tí wọ́n tún un wò ní Houston, tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1991, iṣẹ́ abẹ wálẹ̀ láti 18 nínú 100 sí 8.

Síbẹ̀, ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, àwọn ilé ìwòsàn kan ní New York ní kí aboyún dá wọlé, kódà láìsí ọkọ. Gómìnà ló pàṣẹ kí wọ́n gba ẹnì kan láyè. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gidi: ní ọdún 2021, nǹkan bíi 70 ìyá aláwọ̀ dúdú ló kú nínú 100,000 ìbímọ ní Amẹ́ríkà, ti àwọn aláwọ̀ funfun jẹ́ nǹkan bíi 27.

Ìpínlẹ̀ Minnesota bẹ̀rẹ̀ sí fi Medicaid san owó doula ní ọdún 2014, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Ẹ béèrè ti ìpínlẹ̀ yín kí oyún tó pé oṣù mẹ́fà. Doula kì í gbẹ̀bí o. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tàbí orí ń fọ́ yín gan-an, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè.