Ẹyẹ, Àlejò àti Ilẹ̀ Etí Ọ̀sà Àgbádárìgì

Ọ̀sà tí ó gba iwájú ìlú Àgbádárìgì kọjá kò mọ ààlà. Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ni ó ti ń bọ̀, Èkó ni ó sì ń lọ. Lékèélékèé tí ó jẹun ní apá kan lè sùn sí apá kejì. Nígbà ọyẹ́, àwọn ẹyẹ etídò tí òtútù lé kúrò ní Yúróòpù a máa wá bá wọn gbé. Ìjọba ni ó mọ ààlà. Ní ọdún 2000, Bẹ̀nẹ̀ fi ọ̀sà Àjàṣẹ́ sínú àkọsílẹ̀ Àdéhùn Ramsar, èyí tí a ṣe ní ilẹ̀ Ìránì ní 1971 láti dáàbò bo ilẹ̀ olómi, pàápàá nítorí ẹyẹ. Àdéhùn náà kò lé apẹja kúrò lórí omi rẹ̀. Ìlò tí kò ba omi jẹ́ ni ó ń fẹ́. Nàìjíríà ní ilẹ̀ mọ́kànlá nínú àkọsílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Síbẹ̀, ìwé àdéhùn nìkan kọ́ ní í ṣọ́ ilẹ̀. Ojú ènìyàn náà ń ṣọ́ ọ. Ẹ̀rí rẹ̀ wà ní Lẹ́kí. Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Lawal Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ya hẹ́kítà 78 sọ́tọ̀ níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ibi àbẹ̀wò ní 1990. Wọ́n fi pákó la ọ̀nà sórí àbàtà, wọ́n sì kọ́ ahéré tí ènìyàn lè lúgọ sí wo ẹyẹ láì dẹ́rù bà á. Ní 2015, wọ́n ṣí afárá orí igi tí ó gùn tó mítà 401. Lẹ́yìn odi ibẹ̀, iyanrìn ti bo ọ̀pọ̀ àbàtà, ilé sì ti gba orí rẹ̀. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo àlejò ni ó bá ti ẹyẹ wá. Afárá ni àwọn mìíràn fẹ́ gùn, ọ̀bọ ni àwọn mìíràn fẹ́ rí. Kò burú. Ẹni tí yóò bá dí àbàtà náà yóò kọ́kọ́ dá gbogbo wọn lóhùn.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí Àgbádárìgì. Àlejò tilé toko ń wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a kọ́ parí ní 1845, ta ni yóò sì gbójú gbóyà wó o? Àwọn àlejò kan náà ń wọ ọkọ̀ sọdá sí erékùṣù Gberefu láti tọ ipa ọ̀nà ẹrú dé etí òkun. Àárín ọ̀sà ni ọkọ̀ wọn ń gbà, níbi tí apẹja, àwọn tí ń wa iyanrìn àti lékèélékèé ti jọ ń pín omi kan lò.