Èbúté Méjì Létí Ọ̀sà: Ọrọ̀ Ajé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ jẹ́ ìlú èbúté méjì ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní apá àríwá àwọn ọ̀sà tó nà láti Èkó lọ sí ìhà ìlà-oòrùn. Ọ̀sà ni omi gbalasa tí kò jìn púpọ̀ nísàlẹ̀, tí ilẹ̀ oníyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ là kúrò lára òkun, tí ọkọ̀ kékeré sì lè tọ̀ láìbá ìgbì òkun pàdé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé omi yìí ló sọ ìlú méjèèjì di ìlú òwò, àti pé nígbà tí mọ́tò gba iṣẹ́ ẹrù kíkó lọ́wọ́ ọkọ̀ ojú omi, ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan kọjú sí láti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ló mú kí wọ́n yàtọ̀ síra lónìí.

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn aláàárù ló ń ru epo pupa àti èkùrọ́ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wá sétí ọ̀sà, àwọn ọlọ́kọ̀ á sì gbà á lọ sí Èkó. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù ló ń gba ibẹ̀ lọ sókè. Àwọn Ìjẹ̀bú kì í fẹ́ kí oníṣòwò Èkó kọjá èbúté wọ ilẹ̀ wọn, nítorí náà èbúté ni olùtà àti olùrà ti ń pàdé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń gba owó ibodè. Ọjà Ẹ̀jìnrìn, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, lókìkí gan-an nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí èbúté bá wà níkàáwọ́ rẹ̀ ló ni ọ̀nà, èyí ló sì fa ogun létí omi náà.

Ìtàn Ẹ̀pẹ́ ló fi èyí hàn jù. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, tí wọ́n sì dá Akítóyè padà, Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀, tí Òṣòdì Tápà jẹ́ abẹnugan nínú wọn, sá gba ojú omi lọ, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ nígbẹ̀yìn. Kò wulẹ̀ sá pa mọ́ síbẹ̀: láti Ẹ̀pẹ́ ló ti ń dààmú Èkó lórí omi, tó sì ń fa òwò epo sọ́dọ̀ ara rẹ̀, títí tí Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi bá a ṣe àdéhùn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854. Kòsọ́kọ́ gbà pé òun kò ní du oyè Èkó mọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbà pé Kòsọ́kọ́ ló ni èbúté Palma létí òkun. Ó padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a wá kò kúrò. Ìdí nìyí tí Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi wà nínú ìlú kan náà, tí apá kọ̀ọ̀kan sì ní ọba tirẹ̀. Ọdún Káyọ̀káyọ̀, tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ ń ṣe lẹ́yìn ọdún Iléyá, ni wọ́n fi ń ṣe ìrántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀, ó sì ń kó ọ̀pọ̀ àlejò wọ ìlú náà lọ́dọọdún. Ẹni tó bá fẹ́ ohun tó lọ́jọ́ lórí ju ìyẹn lọ lè lọ wo yàrà Sùngbọ́, odi àti kòtò àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, tó sì gba agbègbè Ẹ̀pẹ́ kọjá.

Ìkòròdú, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu so mọ́ Ṣàgámù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, tí ọba rẹ̀ sì ń jẹ́ Ayangbúrẹ́n, rí ogun tirẹ̀ ní 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó tì í, tí Glover tó ń ṣàkóso Èkó sì kó ọmọ ogun lọ tú wọn ká. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó lọ bá Ìjẹ̀bú jà. Ọ̀nà ṣí lẹ́yìn ìyẹn, títì ọlọ́dà dé, ẹrù kò sì nídìí láti dúró létí omi mọ́.

Ìkòròdú, tó sún mọ́ Èkó jù, kọjú sí iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ilé kíkọ́. Ilé iṣẹ́ irin wà ní Odogúnyán, ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà ní Ìmọ́tà láti 2023. Ní Ẹgbin, ilé iṣẹ́ mànàmáná kan ní ẹ̀rọ mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè pèsè mẹgawáàtì 220. Iná gáàsì ló ń sọ omi di oru gbígbóná tó ń yí ẹ̀rọ, omi ọ̀sà ni wọ́n sì ń fà wọlé láti mú un tutù kó tún lè di omi padà. Nítorí ìdí yìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ sétí omi. Ọkọ̀ èrò ṣì ń lọ láti Ìpakodò sí Erékùṣù Èkó, ó sì ń gba àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12, èyí tí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT tí wọ́n ṣí ní 2015 kò tíì lé lọ. Ìjọba àpapọ̀ ní èbúté ẹrù ní Ìkòròdú pẹ̀lú, fún ọkọ̀ pẹrẹsẹ tí ọkọ̀ mìíràn ń fà láti èbúté Àpápá, àmọ́ ó dunni pé kọ̀ńténà tí olówó rẹ̀ kò wá gbé ni wọ́n sábà ń kó síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń há lójú títì.

Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ di ẹja mú. Lọ́jà Olúwo létí omi, àwọn obìnrin alágbàtà ló ń gba ẹja lọ́wọ́ apẹja bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀. Ojú ni wọ́n fi ń wọn ẹja, abọ́ àti òkìtì ni wọ́n fi ń tà á. Ẹja àrọ̀ á ṣì máa jà nínú báàfù omi. Èyí tí kò bá tà ni wọ́n ń ká, tí wọ́n ń fi igi gún ìrù rẹ̀ mọ́ orí, tí wọ́n sì ń yan lórí àwọ̀n irin. Iṣẹ́ ìdí iná yìí ṣe pàtàkì ju bí àwọn òǹkọ̀wé ṣe ń kà á sí lọ, nítorí ẹja tútù kì í jẹ́ kí olówó rẹ̀ lè dúró ná ọjà, ṣùgbọ́n ẹja yíyan lè dúró de oníbàárà tó mówó gidi wá.

Ẹja pọ̀ níbẹ̀ nítorí pé Ẹ̀pẹ́ wà láàárín ọ̀sà Èkó, tí omi iyọ̀ òkun ń wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti ọ̀sà Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ rárá. Láti 1984 ni ewéko kan tó jọ ojúoró, tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, ti gba ọ̀nà Bàdágìrì wọ àwọn omi yìí. Iyọ̀ ló ń pa á, nítorí náà ìgbà òjò ló máa ń dí ọ̀nà ọkọ̀ tó sì ń fa àwọ̀n ya. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ìkọ́lé burú jù ú lọ, torí pé ó ń hú ibi tí ẹja ń yé sí. Èbúté ọkọ̀ òkun ńlá sì ti ṣí ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ẹrù rẹ̀ ń gba títì Ẹ̀pẹ́ kọjá, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn èbúté náà. Ó tọ́ kí apá kan ẹrù náà gba ojú omi lọ sí Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú; kí ìjọba tó gbẹ́ ọ̀nà náà jìn, kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú àwọn apẹja àti àwọn obìnrin Olúwo, kí wọ́n sì jọ sàmì sí ibi tí ẹ̀rọ kankan kò gbọ́dọ̀ dé.