Irene Mayer Selznick àti Iṣẹ́ Olùgbé-eré-jáde



Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní eré Tennessee Williams tí à ń pè ní A Streetcar Named Desire. N kò dárúkọ ẹni tí ó gbé eré náà jáde fún wọn rí. Àṣìṣe àwa onílítíréṣọ̀ nìyí: bí a bá ti rí òǹkọ̀wé, a rò pé ó parí. Irene Mayer Selznick ni ẹni náà, gbèsè rẹ̀ ni mo sì fẹ́ san díẹ̀ nínú rẹ̀ lónìí.

Ìlú New York ni a bí i sí, ní 1907. Louis B. Mayer, bàbá rẹ̀, ni ó wá di ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sinimá Metro-Goldwyn-Mayer tí a dá sílẹ̀ ní 1924. Ní 1930 ó di aya David O. Selznick, ẹni tí ó gbé sinimá Gone with the Wind jáde ní 1939. Ọmọ ọ̀gá, aya ọ̀gá! Ta ni yóò rò pé ó tún ń wá nǹkan kan? Ṣùgbọ́n ní 1945 òun àti ọkọ rẹ̀ pínyà, ó sì kó lọ sí New York láti ṣe iṣẹ́ tíátà, níbi tí àṣẹ bàbá rẹ̀ kò dé.

A máa ń da olùgbéjáde pọ̀ mọ́ olùdarí. Olùdarí ni ó ń kọ́ òṣèré; olùgbéjáde ni ó ń gba ẹ̀tọ́ eré lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, tí ó ń wá owó, tí ó ń yan olùdarí, tí ó sì ń háyà gbọ̀ngàn. Eré àkọ́kọ́ tí Irene dáwọ́ lé, Heartsong tí Arthur Laurents kọ, kò dé Broadway rárá. Wọ́n ṣe é wò ní àwọn ìlú mìíràn ní 1947, kò dára tó, ó sì pa á tì.

Lọ́dún yẹn kan náà ni Audrey Wood, aṣojú Williams, gbé ìwé eré Streetcar lé e lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí ó kójọ. Elia Kazan fẹ́ kí a kọ orúkọ òun sára eré náà gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ òun. Irene gbà fún un. Eré kúkurú kan tí Williams fúnra rẹ̀ kọ ni Jessica Tandy ń ṣe ní Los Angeles tí wọ́n fi rí Blanche wọn. John Garfield ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fún Stanley. Àdéhùn kò wọ̀, ipa náà sì bọ́ sọ́wọ́ Marlon Brando, ọmọ ọdún 23. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1947 ni eré náà bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn Ethel Barrymore. Ìgbà 855 ni wọ́n ṣe é. Williams gba ẹ̀bùn Pulitzer ní 1948, ó sì tọ́ sí i. N kò bá a jà.

Eré tí Irene gbé jáde lẹ́yìn náà kò pọ̀: Bell, Book and Candle ní 1950, The Chalk Garden tí Enid Bagnold kọ ní 1955, The Complaisant Lover tí Graham Greene kọ ní 1961. Lójú tèmi, kíkéré iye wọn kì í ṣe àbùkù, nítorí ẹni tí ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa eré tì kò ní í gba eyíkéyìí tí wọ́n bá gbé wá. Ó kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, A Private View, ní 1983, ó sì kú ní 1990.

Nínú ẹ̀dà Streetcar tí mo fi ń kọ́ni, orúkọ rẹ̀ wà ní ojú ewé tí ó ṣáájú ìran kìíní, lẹ́bàá orúkọ àwọn òṣèré. Mo ti ṣí ojú ewé yẹn kọjá láìmọye ìgbà.