Gbèsè: Láti Ayé Ìwọ̀fà Dé Ayé Ọlọ́pàá

Oníbàárà mi kan jẹ mí lówó sìmẹ́ǹtì, kò sì gbé fóònù mi mọ́. Ẹnì kan ní kí n jẹ́ kí ọlọ́pàá lọ gbé ìyàwó rẹ̀, ó ní ọkọ á sáré wá sanwó. Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi rántí bàbá tó bí bàbá mi.

Ìwọ̀fà ni bàbá náà nígbà èwe rẹ̀. Òun kọ́ ló jẹ gbèsè o. Owó tí wọ́n yá fi sìnkú ni. Àwọn àgbà ilé ló fi í sọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko ni èlé, kò dín gbèsè kù rárá. Bó lo ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá náà ni wọ́n máa san kó tó kúrò. Síbẹ̀, ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ilé ni, olówó kò gbọdọ̀ tà á. Lójú àwọn baba wa, gbèsè kì í ṣe ti ẹnì kan, ti agbo ilé ni.

Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 pé bí onígbèsè bá ń ṣagídí, wọ́n á rán ológò sí i. Ológò á wọlé jókòó, á máa pariwo. Adìẹ tàbí ẹran tó bá kọ́kọ́ rí, á fi se oúnjẹ jẹ, ọrùn onígbèsè ni gbogbo rẹ̀ wà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn náà á ní, "Òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ Òṣómàáló ti wá. Ìtìjú ni wọ́n fi ń gbowó.

Ìjọba òyìnbó gbógun ti ìwọ̀fà, pàápàá ti ọmọdé, ó sì parẹ́ díẹ̀díẹ̀. Lónìí, òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015, tó múlẹ̀ ní Àbújá níbí, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì, wọn kò sì gbọdọ̀ mú èèyàn tìtorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 náà sọ ọ́. Jìbìtì tàbí ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí yàtọ̀ o. Ṣùgbọ́n gbèsè lásán, kóòtù ló ni ín.

Torí náà, ẹni tó ní kí wọ́n gbé ìyàwó torí ọkọ, ìwọ̀fà ló ń gbà lẹ́yìnkùlé.

Ìṣòro tiwa ni pé a kò ní agbo ilé níbí. Onígbèsè lè kẹ́rù lóru lọ sí Karshi, ta ni yóò tì í lójú? Èmi mú àgbà kan láti ìlú rẹ̀, a lọ bá a nílé. Ojú lọ́rọ̀ wà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, àgbà náà fọwọ́ sí i. Ó ti san ẹ̀ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tà láwìn, ẹ gba ìwé, ẹ wá ẹlẹ́rìí. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ gbèsè, òfin tó ní kí wọ́n má mú yín kò ní kí ẹ má san o.