Gbígbọ̀n àti dídẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́

Gbígbọ̀n àti dídẹ̀ ẹsẹ̀ iwájú jẹ́ àìsàn ọkọ̀ méjì tí wọ́n fara jọra, ṣùgbọ́n tí okùnfà wọn yàtọ̀. Ọkọ̀ máa ń gbọ̀n nígbà tí ohun tó ń yí nínú rẹ̀ kò bá yí déédéé. Ẹsẹ̀ máa ń dẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀tì, bíárìn tàbí oríkèé tó dì í mú bá ti tú tàbí tí ó bá ti jẹ. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè ra táyà tuntun nígbà tí oríkèé ni ó bàjẹ́, kí ẹsẹ̀ sì yẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí eré.

Àwọn àmì

Bí sítíárì bá ń gbọ̀n láàárín kìlómítà 80 sí 110 ní wákàtí kan, táyà ni a kọ́kọ́ ń fura sí: ó lè nílò báláǹsì, ó lè ti wú, tàbí kí kòtò ti tẹ ríìmù rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àga ni ó ń gbọ̀n ju sítíárì lọ, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni kí a yẹ̀ wò. Bí ó bá ń gbọ̀n kìkì nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, díísìkì bíréèkì ni kò tẹ́jú mọ́. Bíárìn tó ti jẹ máa ń hùn, ìró náà a sì máa pọ̀ bí eré bá ṣe ń pọ̀. Ìró gbà-gbà nínú kòtò sábà máa ń wá láti ara bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí búùṣì.

Àyẹ̀wò pẹ̀lú jáàkì

A ó kọ́kọ́ fún nọ́ọ̀tì táyà. Lẹ́yìn náà, a ó fi òkúta dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, a ó gbé iwájú sókè lórí ilẹ̀ líle, a ó sì fi ìtì ṣe àtìlẹ́yìn fún jáàkì.

A ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, a ó sì mì í. Bí ó bá mì, kí ẹlòmíràn tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí a tún mì í. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bíárìn ni. Bí kò bá dúró, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ni ó ṣeé ṣe jù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀tún àti òsì nìkan ni ó ti ń mì, táì-rọ́ọ̀dù ni kí a wò.

Nínú ọkọ̀ tí sípíríǹgì rẹ̀ jókòó lórí apá ìsàlẹ̀, abẹ́ apá náà ni a ń ki jáàkì bọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, sípíríǹgì yóò fún oríkèé mọ́ra, dídẹ̀ rẹ̀ kò sì ní hàn.

Láti Peugeot 504 dé ọkọ̀ òde òní

Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Kàdúná, 504 sì di ọkọ̀ èrò káàkiri Nàìjíríà. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí. Bíárìn iwájú rẹ̀ ṣeé fi gíríìsì sí, ó sì ṣeé fi nọ́ọ̀tì fún. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota Corolla òde òní, ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí, bíárìn rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a dé pa. Bí irú èyí bá ti jẹ, fífún nọ́ọ̀tì kò lè wò ó sàn, pípààrọ̀ ni.

Àtúnṣe

A máa ń fún nọ́ọ̀tì táyà ní ìdojúkọra, kì í ṣe ní títẹ̀léra, a ó sì tún un fún lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100. Bí a bá pààrọ̀ táì-rọ́ọ̀dù, ó di dandan kí a to ẹsẹ̀ ọkọ̀ gún, kí táyà má baà jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ó yẹ kí a mi bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tòkunbọ̀ lọ́wọ́, kí a sì wo rọ́bà rẹ̀, kí a tó dè é.

Ọkọ̀ tó ń fẹ́ báláǹsì lè rọra ti Ìlá Ọ̀ràngún gba Ìkìrun dé Òṣogbo fún àtúnṣe, bí táyà rẹ̀ kò bá tíì wú. Èyí tí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì rẹ̀ ti dẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde nílùú. Mẹkáníìkì ni kí ó wá bá a níbi tó wà.