Gígun Ìgbì Òkun ní Èkó: Ìtàn Rẹ̀ àti Oṣù Tó Yẹ Kí A Lọ

Láti Bajùláyé ní Ṣómólú dé etíkun Tarkwa Bay, kò ju kí èèyàn gba orí Third Mainland Bridge, kó sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté CMS. Síbẹ̀, ẹni tó bá béèrè oṣù tó dára láti lọ gun ìgbì lórí pátákó níbẹ̀ yóò gbọ́ ìdáhùn tó ta kora: àwọn kan á ní Oṣù Ọ̀pẹ, àwọn mìíràn á ní àárín òjò. Àríyànjiyàn tó wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ eré náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kó ohun tó fọ́nká jọ síbí kí ọ̀rọ̀ náà lè lójútùú.

Ohun tí ọ̀pọ̀ gbà ni pé òyìnbó ló kó eré yìí wá sí Áfíríkà. Irọ́ ni. Michael Hemmersam, ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ní etíkun Ghana láàárín 1639 sí 1645, kọ ọ́ pé àwọn òbí a máa so pátákó mọ́ ọmọ lára, wọ́n á sì jù ú sómi. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kevin Dawson, nínú ìwé tó ṣe ní 2018, kà á sí ẹ̀rí pé wọ́n ti ń gun ìgbì nígbà náà. Lójú tèmi, ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ní lúwẹ̀ẹ́ ni Hemmersam rí. Ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ti James Alexander, òyìnbó arìnrìn-àjò tó rí àwọn ọmọkùnrin ní Accra láàárín àwọn ọdún 1830: wọ́n gbé pátákó tó fúyẹ́ sábẹ́ ikùn, wọ́n wẹ̀ lọ síwájú, wọ́n dúró de ìgbì, ìgbì náà sì gbé wọn bọ̀ wá sétí òkun. Kò sí òyìnbó kankan tó kọ́ wọn. Ní ti àwọn apẹja wa, títí kan àwọn Ìlàjẹ tí ìran wọn tẹ̀dó sí Bàrígà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni wọ́n fi ń gun ìgbì wọlé.

Ní ti bí Tarkwa Bay ṣe di ibi ìgbì, ẹnu òkun Èkó kò dára fún ọkọ̀ ńlá láyé àtijọ́. Yanrìn dí i, ọ̀pọ̀ ẹrù sì ní láti gba èbúté Forcados kó tó dé Èkó. Ní nǹkan bí 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í to òkúta wọ inú òkun lápá méjèèjì, nígbà tó sì di 1914, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọlé. Iṣẹ́ yìí ló dá etíkun tí a mọ̀ lónìí. Láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn ni omi ń gbé yanrìn lọ ní etíkun wa. Òkúta dá yanrìn náà dúró ní apá ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ sì ń gbòòrò sí i níbẹ̀. Ní apá kejì, òkun ń jẹ etíkun Bar Beach lọ́dọọdún, títí tí wọ́n fi kó yanrìn dí i láti kọ́ ìlú tuntun Eko Atlantic. Tarkwa Bay wà lábẹ́ ààbò òkúta náà. Yanrìn tó kó jọ sítòsí òkúta yìí ló ń mú kí ìgbì dìde dáadáa, kó sì ya létòlétò.

Ní 1963, Bruce Brown tó ń ya fíìmù mú Mike Hynson àti Robert August, àwọn tó ń gun ìgbì, wá láti Amẹ́ríkà fún fíìmù The Endless Summer. Wọ́n ya Senegal, Ghana àti Nàìjíríà. Fíìmù náà mú kí ayé gbọ́; kò dá eré náà sílẹ̀. Àwọn ọmọ Tarkwa Bay fúnra wọn ló gbé e dúró lẹ́yìn náà. Nínú Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, àwọn ológun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò níbẹ̀, wọ́n ní nítorí àwọn tó ń jí epo nínú páìpù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oṣù. Ìjì tó ń jà ní gúúsù òkun Àtìláńtíìkì lọ́hùn-ún ló ń rán ìgbì ńlá sí wa. Oṣù Okúdù sí Ògún ni òtútù mú jù lọ́hùn-ún, ìyẹn gan-an ni ìgbà òjò tiwa. Nítorí náà, láti Èbìbí sí Ọ̀wẹwẹ ni ìgbì máa ń tóbi jù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ láti inú òkun a máa dà á rú. Àárọ̀ kùtù ló sàn. Ọwọ́ òjò a máa dẹ̀ nínú Oṣù Ògún, ṣùgbọ́n òkun kì í dẹwọ́: oṣù yẹn ní 2012 ni omi ya wọ etíkun Kuramo, ẹ̀mí sì ṣòfò. Láti Bélú sí Ẹrẹ́nà, ìgbì kéré, ó sì máa ń tẹ́jú, pàápàá tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ láti orí ilẹ̀. Àwọn tó ní kò sí ìgbì rárá lẹ́ẹ̀rùn kò yẹ lẹ́ni à ń dá lóhùn.

 

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ ọ, kó lọ láàárín Ọ̀pẹ sí Èrèlé. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, Igbe, Èbìbí tàbí Ọ̀wàrà ló yẹ ẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá wọ òkun nínú Agẹmọ àti Ògún. Ẹ sì wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì kí ọkọ̀ tó ṣí ní CMS, kódà bí ẹ bá mọ̀ ọ́n wẹ̀.