Ìrànlọ́wọ́ Òkèèrè fún Ọlọ́pàá
Kò jìnnà láti Ṣógúnlé dé Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọlọ́pàá Ìkẹjà, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ṣáájú òmìnira. Òmìnira dé ní 1960, ṣùgbọ́n ìrànlọ́wọ́ òkèèrè fún ọlọ́pàá kò dópin. Amẹ́ríkà náà kọ́ ọlọ́pàá ilẹ̀ púpọ̀, títí ẹ̀sùn ìfìyàjẹni fi mú kí àwọn aṣòfin rẹ̀ ká irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò ní 1974. Ojú wọn pẹ́ kí ó tó là.

Ní 11 oṣù Kẹwàá 2020, lẹ́yìn ìfẹ̀hónúhàn àwọn ọ̀dọ́, ìjọba Nàìjíríà tú SARS ká, ẹ̀ka agbógunti-adigunjalè tí ó ti wà láti 1992. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ pé àwọn ọlọ́pàá SARS wà lára àwọn tí òun ti kọ́, tí òun sì fún ní ohun èlò.